Ta Ni Onídùúró Rẹ? Bí Àwọn Ará Erékùṣù Èkó Ṣe Ń Kojú Ilé-Iṣẹ́ Ńlá

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń fetí gbọ́ wa, ẹ ti mọ ohùn mi. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti máa kà á lórí fóònù nínú dáńfó, tiyín nìyí. Ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí náà ni mo kọ síbí. Mo kàn yọ ikọ́ mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa kúrò ni.

Ọ̀rọ̀ òní bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ìpàdé kan ní Máríná. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ẹ má béèrè. Yàrá onígíláàsì ni, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọyẹ́, omi inú ike wà níwájú olúkúlùkù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi múra ìwé àbá tí mo gbé lọ. Sláìdì méjìdínlógún. Mo ní àwòrán, mo ní iye èèyàn tó ń gbọ́ wa, mo ní àlàyé lórí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbé owó kalẹ̀ fún ètò ìtàn Èkó alápá méjìlá. Mo ti sọ ọ́ níwájú dígí títí àbúrò mi fi mọ̀ ọ́n sórí.

Mo sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí kò tíì sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ gbé ojú sókè, ó ní: "Àbá yín dára. Ṣùgbọ́n àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ la máa ń sanwó. Kí lẹ máa fi ṣe iṣẹ́ náà kó tó di ìgbà yẹn?"

Nínú sláìdì méjìdínlógún, kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Mo ní a óò wá ọ̀nà. Ó ṣe "hùn-ún," ó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti padà wá.

Mo rìn lọ sílé, sí Ìta Fàájì. Kò jìnnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn ó dà bí ìrìn Ìbàdàn. Nígbà tí mo ròyìn fún wọn nílé, Bàbá Ńlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa, wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé àpótí páànù kan jáde. Ìwé ilé wa ló wà nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá, nínú àpò ìwé, nínú ọ̀rá míìràn. Wọ́n ní: "Gbé e lọ sí báǹkì. Ṣebí ìwọ náà lọmọ ilé."

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Alájà, ìyá bàbá mi, jókòó sórí ẹní wọn, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Wọn ò gbé orí sókè. Wọ́n kàn sọ pé: "Àjọkẹ́, kó o tó gbé e, lọ wo àwọn tó ti gbé tiwọn rí."

Mo lọ wò ó. Ohun tí mo rí ni ètò òní.

Àwìn Máríná

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Ọba Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, wọ́n mú kí Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀nyí wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí olùkọ́ kì í sábà sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ajé.

Láàárín àwọn ọdún yẹn, epo pupa di ohun tí ilẹ̀ Yúróòpù ń wá lójú méjèèjì. Wọ́n ń fi í ṣe ọṣẹ, wọ́n ń fi í ṣe àbẹ́là, wọ́n ń fi í pa ẹ̀rọ kó má dún. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì kọ́lé sétí omi: Régis láti ilẹ̀ Faransé, O'Swald láti Hamburg, lẹ́yìn náà Gaiser, pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ni "corporate client" ìgbà náà. Àwọn tó ń lọ bá wọn ni àwọn oníṣòwò Èkó: ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Sàró tó ti Freetown dé, Àgùdà tó ti Brazil dé, àti àwọn obìnrin tó pọ̀ lọ súà.

Báwo ni òwò yẹn ṣe ń lọ? Oníṣòwò Èkó kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ ní ọjà ní àjà: aṣọ, iyọ̀, tábà, ọtí. Nítorí náà, àwìn ni. Ilé-iṣẹ́ á kó ọjà fún ọ lónìí, ìwọ á gbé e gba ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wàá tà á, wàá fi ra epo àti ẹkùrọ́, wàá sì kó epo náà padà wá san gbèsè. Èrè tó bá ṣẹ́kù ni tìrẹ.

Ẹ wo bó ṣe rí. Lóde òní, ilé-iṣẹ́ ní kí n ṣiṣẹ́ kí òun tó sanwó. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ ló ń gbé ọjà kalẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà láàárín: bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, ta ló máa ru ẹrù náà?

Láyé àtijọ́, onídùúró ni ìdáhùn. Ẹnì kan tí ìlú mọ̀, olóyè tàbí ọlọ́rọ̀, á sọ pé, "Èmi ni mo dúró fún un." Orúkọ ẹni náà ni ilé-iṣẹ́ gbà. Bí kò bá sí onídùúró, ìwọ̀fà wà: ọmọ tàbí àbúrò ẹni á lọ máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yáni lówó títí gbèsè á fi tán. Ẹ̀yin ò rí i pé ọ̀rọ̀ "onídùúró" gan-an ti sọ gbogbo rẹ̀? Ẹni tó dúró. Ìwọ lè sá, òun ò lè kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ilé di onídùúró

Ìjọba tuntun mú ohun tuntun wá: ìwé. Kó tó di 1861 ni Ọba Dòsùnmú ti ń fún àwọn èèyàn ní ìwé ilẹ̀, pàápàá àwọn Sàró àti Àgùdà. Lẹ́yìn 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n ń pè é ní Crown Grant. Ìwé náà máa ń sọ pé ilẹ̀ báyìí, tó wà ní ibi báyìí, ti lágbájá ni.

Ẹ ṣàkíyèsí: ti lágbájá. Ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ilé Èkó kì í ṣe ti ẹnì kan. Agboolé ni. Ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, ìbátan wà níbẹ̀, ẹni tó wá sá di ìdílé wà níbẹ̀. Ibojì wà nínú ọgbà. Ìwé ṣá ti kọ orúkọ kan, ilé-iṣẹ́ Máríná sì mọ ìwé kà.

Láti ìgbà náà lọ, ilé di onídùúró. Oníṣòwò á gbé ìwé rẹ̀ lọ sí Máríná, ilé-iṣẹ́ á tì í mọ́ àpótí irin, wọ́n á sì kó ọjà fún un. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń gba ìwé. Àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó fúnra wọn ń yáni lówó lórí ilé. Daniel Conrad Taiwo, ẹni tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Táíwò Olówó, ọmọ Ìṣẹri tó kú ní 1901, mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: ó ń gba àwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ó ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní àwìn, ó sì ń gba ìwé ilé wọn sílẹ̀.

Bí ọ̀nà bá là, kò sí wàhálà. Ọ̀nà kì í wá ń là nígbà gbogbo. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọn ò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Bí Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú bá ti ọ̀nà, epo ò ní dé etí ọ̀sà. Lórí ìyẹn, iye owó epo ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Oníṣòwò tó ti kó ọjà lọ sókè kò rí epo kó bọ̀, èyí tó sì rí kó bọ̀ kò tówó mọ́. Gbèsè kò mọ̀ pé ogun ń jà. Láti 1876 tí wọ́n ti dá Supreme Court sílẹ̀ ní Èkó, ilé-iṣẹ́ mọ ibi tó máa gbé ìwé lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe lọ. Ẹnì kan ló jẹ gbèsè, gbogbo agboolé ló kó ẹrù. Ìjà lórí ilé ẹbí pọ̀ débi pé ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908, ṣì wà lẹ́nu àwọn lọ́yà títí dòní tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ohun-ìní ìdílé. Ohun tó fìdí múlẹ̀ nínú òfin ilé ẹbí ni pé olórí ẹbí kò lè dá ilé ẹbí tà tàbí kó fi í yáwó láìbá àwọn ẹbí sọ ọ́. Olórí ẹbí ń tọ́jú ilé ni, òun nìkan kọ́ ló ni ín.

Nígbà tí mo kà débẹ̀, mo wo àpótí páànù Bàbá Ńlá. Orúkọ bàbá wọn ló wà lórí ìwé náà. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ń sùn nílé wa lálaalẹ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ nípa sláìdì méjìdínlógún mi.

Báǹkì dé

Ní 1892, African Banking Corporation ṣílẹ̀kùn ní Èkó, báǹkì àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 1894, Bank of British West Africa gba iṣẹ́ náà. Alfred Jones, olórí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Báǹkì yẹn ló di First Bank tí ẹ ń wò ní Máríná lónìí. Òun náà ló ń kó owó fàdákà wọlé, ohun tó mú agbára ńlá bá a, títí West African Currency Board fi dé ní 1912. Colonial Bank tẹ̀ lé e ní 1917, ó di Barclays ní 1925, a mọ̀ ọ́n sí Union Bank báyìí.

Ẹ̀yin á rò pé nígbà tí báǹkì ti dé, ó parí. Rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa fi ń kígbe pé báǹkì òyìnbó ń gba owó àwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń yá a. Báǹkì ní tirẹ̀ á ní kò sí ìwé ìṣirò owó, ìwé ilé kò mọ́lẹ̀, òun ò sì mọ ẹni tó dúró. Ìbéèrè àwìn Máríná ni wọ́n ṣì ń béèrè, wọ́n kàn wọ kóòtù àti táì sí i lọ́rùn.

Ọkùnrin tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ọkùnrin kan dé Èkó tí gbogbo àwa tó ń ṣe pitch lónìí yẹ ká mọ̀. Winifried Tete-Ansa lorúkọ rẹ̀, ọmọ Gold Coast, ibi tí a ń pè ní Ghana báyìí. Bí ó bá wà láyé lónìí, yóò ti ní ọmọlẹ́yìn mílíọ̀nù kan lórí Instagram.

Àbá rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ kòkó kó ara wọn jọ kí wọ́n lè máa ta kòkó fúnra wọn. Kí báǹkì tó jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú máa yá wọn lówó. Kí ilé-iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà máa bá wọn ta kòkó náà lọ́hùn-ún. Kò sí òyìnbó láàárín. Ó rin ìrìn-àjò lọ sí New York, ó bá àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kọ ìwé *Africa at Work* tó jáde ní 1930.

Àbá náà kò burú rárá. Mo ṣì rò pé ó sàn ju ọ̀pọ̀ àbá tí mo ti gbọ́ ní Yaba lọ. Ṣùgbọ́n Industrial and Commercial Bank rẹ̀, tó ṣí sílẹ̀ ní Èkó ní 1929, kò pẹ́ tó fi wó. Ó tún dá Nigerian Mercantile Bank sílẹ̀ ní 1931. Ìyẹn náà kógbá sílé ní 1936.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Owó ìpìlẹ̀ kéré. Àbójútó kò lágbára. Ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé sì dẹnu kọlẹ̀ ní 1929, iye owó kòkó já wálẹ̀. Àbá tó fẹ́ ṣe àgbẹ̀, báǹkì àti ìtajà ní ilẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní ohun tó lè fi dúró nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí kò lè gbé eèrà, tó ń kùsà sí erin, títẹ́ ní ń tẹ́. Mo rántí ètò alápá méjìlá mi. Mo rántí pé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ méjì péré ni mo ní, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi.

Àwọn mẹ́ta ọdún 1933

Ibí ni ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù. Àwọn kan ti wà nínú báǹkì Tete-Ansa yẹn, wọ́n ti rí bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ láti inú. Wọn ò lọ máa kígbe lójú títì. Wọ́n jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní 1933, Dókítà Akínọlá Májà, lọ́yà T.A. Doherty àti H.A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n jẹ́. Májà jẹ́ dókítà tí Èkó mọ̀, lẹ́yìn náà ló di ààrẹ Nigerian Youth Movement. Doherty jẹ́ ọmọ J.H. Doherty, oníṣòwò tí orúkọ rẹ̀ ti kọjá Máríná. Nígbà tí wọ́n ní kí ará ìlú kó owó wá, kì í ṣe àlá ni wọ́n ń tà. Ìlú mọ ilé wọn. Ìlú mọ baba wọn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kékeré, wọ́n sì ń dàgbà díẹ̀díẹ̀.

Sùúrù yẹn ló gbà wọ́n. Ṣáájú 1952 kò sí òfin báǹkì ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni tó bá ní yàrá àti pátákó lè sọ pé òun ṣí báǹkì. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Nígbà tí òfin 1952 dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn wó, owó àwọn èèyàn bá a lọ. Díẹ̀ ló yè é: National Bank, Agbọ́nmágbẹ tó di Wema lẹ́yìn ọ̀la, àti African Continental Bank ti Nnamdi Azikiwe.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé wọ́n jẹ́ ańgẹ́lì. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ń gbé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ sínú National Bank. Ìjọba di onídùúró wọn. Onídùúró tó tóbi bẹ́ẹ̀ kì í dúró lásán, ìṣèlú á bá a wọlé, nígbà tó sì di 1962, ìgbìmọ̀ Coker jókòó láti wádìí bí owó ṣe rìn. Báǹkì náà ṣì pẹ́ láyé, ó dara pọ̀ mọ́ Wema ní 2005. Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá dúró fún ọ, ìwọ náà ti di ẹni tí yóò máa dá a lóhùn.

Ìyá ẹlẹ́ja Eréko

Mo ti fẹ́ parí ìwádìí mi síbẹ̀ nígbà tí Alájà bi mí pé, "O ò tíì débi Pẹ̀lẹ́wúrà?"

Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà. Ẹja ni wọ́n ń tà ní ọjà Eréko, níbí lórí erékùṣù wa. Àwọn ni olórí ọjà Eréko àti olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Wọn ò mọ̀ ọ́n kọ, wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó múra ìpàdé bí i tiwọn.

Ní 1940, ìjọba fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin ọlọ́jà lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà tó ń ṣàkóso Èkó. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kalẹ̀. Akọ̀wé tó mọ Gẹ̀ẹ́sì ló bá wọn kọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ju igba àtàǹpàkò lọ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìjọba gbé £50 yẹn lọ sí £200. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: láàárín ọjọ́ méjì péré. Ó sì yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin ọjà kúrò nínú owó orí.

Lẹ́yìn náà ni ogun Hitler mú ọ̀wọ́n oúnjẹ wá. Ìjọba fi Captain Pullen ṣe olórí ìdarí iye owó oúnjẹ. Ó ń dá iye lé gàrí, ó ń ṣí ọjà tirẹ̀. Àwọn obìnrin ní iye tó dá lé e kéré sí iye tí àwọn fi ń ra ọjà náà lóko, láìtíì ka owó ọkọ̀. Òun ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, àwọn ní ìṣirò lọ́wọ́. Wọ́n mọ iye tí gàrí jẹ́ ní ibi tó ti ń bọ̀, wọ́n mọ owó alábàárù, wọ́n mọ iye tó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìjọba tún gbìyànjú nǹkan míìràn: wọ́n ní àwọn á máa san £100 lóṣooṣù fún Ìyá Pẹ̀lẹ́wúrà kí wọ́n lè bá àwọn fọwọ́ sí ètò náà. Wọ́n kọ̀ ọ́. Owó ńlá nìyẹn ní ayé ìgbà náà, ẹ fi wé £50 ọdún kan tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ gba owó orí. Ṣùgbọ́n Ìyá mọ̀ pé lọ́jọ́ tí àwọn bá gba owó yẹn, àtàǹpàkò wọ̀nyẹn ò ní sí lẹ́yìn àwọn mọ́. Ètò ìdarí iye owó náà dópin ní 1945. Ìyá Pẹ̀lẹ́wúrà kú ní 1951, òkú wọn sì kó ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn jáde sí ìgboro Èkó.

Ìyá ò fi ilé ẹnikẹ́ni dúró níwájú ìjọba. Èèyàn ni wọ́n fi dúró, pẹ̀lú ìṣirò tí kò sí ẹni tó lè já nírọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Sláìdì mẹ́fà

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n padà sí Máríná. Mo jókòó, mo ya gbogbo nǹkan tí apá kan ètò wa máa ń ná mi: owó ọkọ̀, dátà, epo jẹnẹrétọ̀, owó ẹni tó ń tún ohùn ṣe, oúnjẹ àwọn àgbà tí mò ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mi ò tíì ṣe é rí. Ọdún méjì ni mo ti ń ṣe ètò yìí, mi ò mọ iye tó ń ná mi. Ojú tì mí.

Mo gé sláìdì méjìdínlógún sí mẹ́fà. Mo sọ apá méjìlá di mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé mo nílò ìdajì owó apá mẹ́ta náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ìṣirò tó fà á hàn. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ kọ "iye èèyàn tó ń gbọ́ wa," mo fi ohùn àwọn olùgbọ́ sí i. Ẹ̀yin tí mo bẹ̀ ní ọjọ́sí pé kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ sọ ohun tí ètò yìí ṣe fún yín, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ni àtàǹpàkò mi.

Kí n tó lọ, mo dá ìwé ilé padà fún Bàbá Ńlá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò lè gbé e lọ." Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n kàn gbà á, wọ́n dá a padà sínú ọ̀rá, sínú àpò, sínú ọ̀rá kejì. Wọ́n ní, "Bàbá wa náà ò gbé e rí. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé a ò ní fi ọ́ sílẹ̀." Alájà ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ.

Ní Máríná, ọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ níjọ́sí tún jókòó síbi tó jókòó sí. Nígbà tí mo dé orí ojú ewé ìṣirò, ó fa láptọ́ọ̀pù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ìdajì tí mo béèrè, wọn ò fún mi. Wọ́n fọwọ́ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, fún apá mẹ́ta. Ó kéré sí ohun tí mo fẹ́. Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ láìjẹ gbèsè.

Apá àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ọjà Eréko la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó lọ, iṣẹ́ kan wà fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń múra ìwé àbá báyìí, fún báǹkì, fún ilé-iṣẹ́ fóònù, fún ẹni tó ń ta ọtí. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ bi ara yín pé bí ọ̀nà bá tì, kí ló máa dúró fún mi? Bó bá jẹ́ ilé ẹbí ni ìdáhùn, ẹ kọ́kọ́ ka iye èèyàn tó ń sùn níbẹ̀. Ẹ fi ìdáhùn yín ránṣẹ́ ní ohùn, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á fi ilé bàbá wa dúró fún ohun tí kò tó o.